Tòmátì Kúkúrú Nínú Ike: Kí Oúnjẹ Wa Jẹ́ Hàlálì, Kí Ó Sì Dára

 

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tòmátì ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni mo gbé wá sí ojú ìwé ìlera. Ọ̀rọ̀ ìlera gan-an ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sì wà nínú rẹ̀. Nínú Súratul-Bàkárà, ẹsẹ 168, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwa ènìyàn pé kí á máa jẹ nínú ohun tó jẹ́ hàlálì tó sì dára. Nǹkan méjì ni Ọlọ́hun so pọ̀ níbẹ̀. Èkínní yé wa dáadáa. Kò sí ìyá ilé kan nínú wa ní Yemẹtu tí yóò gbé ẹran òkúǹbete wọlé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èkejì, pé kí oúnjẹ dára, kí ó mọ́, kí ó má ṣe ara ní jàǹbá, ọ̀pọ̀ wa kì í kà á sí. Nídìí tòmátì ni mo ti ń rí i jù.

ÈṢÀ TÍ À Ń GBÉ WỌLÉ

Gbogbo ẹni tó ń ná ọjà Bódìjà, Ṣáṣá tàbí Ọjà'ba ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èṣà. Tòmátì tó ti fọ́ ni, tó ti ń ṣomi, tí òmíràn ti bu, tí wọ́n ṣà jọ sínú abọ́ kan tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó. Nígbà tí tòmátì bá wọ́n, èṣà ni ọ̀pọ̀ ilé ń lọ̀ mọ́ ata. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́fà láti bọ́, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ohun tí apá rẹ̀ ká ni yóò rà.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á là á yé ara wa. Tòmátì tó fọ́ lónìí nínú apẹ̀rẹ̀, tí kò rùn, tí kò bu, tí a fọ̀ dáadáa tí a sì sè lọ́jọ́ náà, kò burú. Èyí tó ti bu, tí ohun funfun tàbí dúdú ti hù lára rẹ̀ bí òwú, ni ìjàngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ máa ń gé ibi tó bàjẹ́ sọnù, wọ́n á sì lo ìyókù. Tòmátì rọ̀, omi ló kún inú rẹ̀. Ohun tó bu lára rẹ̀ ti rìn wọnú kọjá ibi tí ojú rí. Òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ṣùgbọ́n májèlé tí àwọn ohun tó ń mú oúnjẹ bu máa ń tú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í gbọ́ iná. A lè se ata náà títí tí epo yóò fi léfòó, kí májèlé ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára, ìyẹn ọmọdé, aláboyún àti arúgbó, ni irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dà láàmú.

Kí ló dé tí èṣà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà ló jìn. Láti òkè Ọya, ní Kánò, Kàdúná, Kàtsínà àti agbègbè Jọ́ọ̀sì, ni púpọ̀ nínú tòmátì tí à ń jẹ ní Ìbàdàn ti ń wá. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kì í sí, apẹ̀rẹ̀ á gun orí apẹ̀rẹ̀, ooru á mú un, ọkọ̀ á máa fò sókè sódò lójú kòtò. Ìṣirò tí àwọn aláṣẹ ètò ọ̀gbìn máa ń sọ ni pé ó súnmọ́ ìdajì tòmátì tí wọ́n ń kórè ní Nàìjíríà tó ń ṣòfò kí ó tó dé inú ìkòkò. Àwọn ìyá wa tó ń tà á kọ́ ló bà á jẹ́. Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ṣe ń tà á.

Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ lókè lọ́hùn-ún tàbí lójú ọ̀nà, àwa náà la ń fara gbá a. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pàjáwìrì lórí tòmátì nítorí kòkòrò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tuta absoluta, èyí tí àwọn ènìyàn sọ ní Ebola tòmátì, tó jẹ oko lọ ràì. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣáṣá níbí, wọ́n ti ọjà náà pa. Kí oṣù yẹn tó parí, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti òkè Ọya tún dá ọkọ̀ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá se ọbẹ̀ nígbà náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

ÈYÍ TÓ KÚRÚ LÓ BÁ ILÉ WA MU

Èrò tèmi ni pé kí ìdílé Mùsùlùmí kọ̀ọ̀kan gbin tòmátì díẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé, ilẹ̀ dà? Ilé ń fara kan ilé láti Yemẹtu títí dé Bẹẹrẹ. Àgbàlá tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ nínú agboolé, a ti kọ́ yàrá sí i tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí á mọ irú tòmátì tí a ó gbìn, nítorí kì í ṣe gbogbo tòmátì ni ike lè gbà.

Oríṣi mẹ́ta ni kí á dá mọ̀. Èkínní ni èyí tó ń ga láìdúró. Bí ó bá rí ọ̀pá fà mọ́, ó lè ga ju àgbàlagbà lọ. Oko ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá gbìn ín sínú ike á máa bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, atẹ́gùn á sì wó o kí ó tó so dáadáa. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti gbin tòmátì sílé tí kò rí nǹkan kan jẹ, irú èyí ni wọ́n gbìn.

Èkejì ni èyí tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ó bá ga dé orókún tàbí itan, yóò yọ òdòdó sí orí, yóò dá gíga dúró, àwọn èso rẹ̀ yóò sì pọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra wọn. Roma VF àti UC 82 wà nínú irú èyí, a sì ti mọ̀ wọ́n pẹ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́tà V àti F tó wà lára orúkọ Roma VF ń tọ́ka sí àrùn méjì tó ń ti inú ilẹ̀ mú tòmátì rọ, Verticillium àti Fusarium; igi náà lè fara da méjèèjì.

Ẹ̀kẹta ni tòmátì aràrá gan-an. Igi rẹ̀ ki, ewé rẹ̀ dúdú ó sì hunjọ díẹ̀, ibi tí ewé kan ti yọ kò jìnnà sí ibi tí òmíràn ti yọ. Ó ń ga díẹ̀díẹ̀, kò sì ń wó. Ọ̀kan nínú wọn ni Tiny Tim, tí Yunifásítì New Hampshire ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1945. Òmíràn ni Micro-Tom ti Yunifásítì Florida, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1989. Kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 20 lọ, agolo mílíìkì ńlá gan-an gbà á. Èso àwọn wọ̀nyí kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo aràrá ni èso rẹ̀ kéré. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, Craig LeHoullier ní Amẹ́ríkà àti Patrina Nuske Small ní Ọsirélíà kó àwọn ènìyàn lásán tó fẹ́ràn ọgbà jọ kárí ayé. Wọ́n ń da irúgbìn tòmátì kúkúrú pọ̀ mọ́ ti èyí tó ga, wọ́n ń ṣa èyí tó dára nínú ọmọ wọn, títí wọ́n fi rí igi kúkúrú tó ń so èso ńlá. Àwọn tó ń ṣe é kò gba owó oṣù nídìí rẹ̀. Inú ike lẹ́yìnkùlé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe é.

Àmọ̀ràn mi ni pé kí á má ṣe dúró de irúgbìn ilẹ̀ òkèèrè. Kí á fi Roma VF tàbí UC 82 bẹ̀rẹ̀. Bí aràrá gidi bá tẹ̀ wá lọ́wọ́ lọ́la, kí á gbìn ín. Ìbàdàn yìí náà ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, NIHORT, fìdí kalẹ̀ sí ní Ìdí-Ìṣin láti ọdún 1975. Kò yẹ kí ìlú tó ní irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa fi èṣà se ọbẹ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn irúgbìn tó bá ike mu. Bí ẹ bá sì ń ra irúgbìn nínú páálí, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ F1 sí i. Irú èyí lè so gan-an, ṣùgbọ́n bí a bá tún irúgbìn inú rẹ̀ gbìn, ọmọ rẹ̀ kì í jọ ìyá. Roma VF kò rí bẹ́ẹ̀. A lè tọ́jú irúgbìn rẹ̀ láti inú èso tó pọ́n tí ara rẹ̀ dá, kí á fọ̀ ọ́, kí á sá a síbi tí kò sí oòrùn líle, kí á sì tún un gbìn.

IKE, ILẸ̀ ÀTI OMI ÀLÙWÀLÁ

Ike kì í ṣe ìṣòro wa. Ní nìkáà, ní ìsọmọlórúkọ, ní fídáù, ike àti báàfù ni wọ́n fi ń ta wá lọ́rẹ, wọ́n sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí a tò wọ́n sínú ara wọn. Èyí tó gba lítà 20 tó fún igi Roma kan. Èyí tó gba lítà 10 tó fún aràrá kan. Kí á lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀ kí omi má baà dúró níbẹ̀. Kí á má ṣe lo ike tí wọ́n fi gbé kẹ́míkà, tàbí páálí bátìrì ọkọ̀ àlòkù, nítorí májèlé rẹ̀ á wọ inú ilẹ̀. Ilẹ̀ dúdú ìdá méjì, ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa ìdá kan, ó tó.

Lórí ìgbẹ́ ẹran yìí, àwọn kan máa ń bẹ̀rù nájísì. Nínú ìlànà Imam Malik, èyí tí àwọn àáfà wa fi ń kọ́ wa, ìgbẹ́ ẹran tí jíjẹ rẹ̀ jẹ́ hàlálì, bíi màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, kì í ṣe nájísì. Ṣùgbọ́n pé nǹkan kì í ṣe nájísì kò fi hàn pé kò ní kòkòrò àìsàn. Kí á kó o jọ fún oṣù mẹ́ta títí tí kò fi ní rùn mọ́, tí yóò dà bí ilẹ̀ dúdú, kí á tó lò ó. Ìgbẹ́ ènìyàn ní tirẹ̀, nájísì ni, àìsàn sì ni. Kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Ẹ gbin irúgbìn sínú agolo kékeré kọ́kọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ gbé e sínú ike, kí ẹ rì í wọlẹ̀ dáadáa títí dé ìdí ewé àkọ́kọ́, nítorí gbòǹgbò yóò yọ lára igi tó wọlẹ̀ náà. Ó fẹ́ oòrùn fún bíi wákàtí mẹ́fà lóòjọ́. Ibi tí ike ti dára ju ilẹ̀ lọ nìyẹn: bí ilé ẹnìkejì bá ṣíji bo ibi tí ó wà, a lè gbé e lọ sí iwájú ilé tàbí sórí dẹ́kìn. Nígbà òjò, kí á gbé e sábẹ́ etí òrùlé, nítorí ewé tó ń tutù tọ̀sán-tòru ni àìsàn máa ń tètè mú.

Ẹ ó ní omi ńkọ́, nígbà tí kànga ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Omi àlùwàlá ni mo fẹ́ kí á lò. Ó wà nínú àdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé ìwọ̀n mudd kan ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ń ṣe àlùwàlá, èyí tí kò tó lítà kan. Àwa ń da bútà kún, à ń dà á sí gọ́tà. Ní ilé tí ènìyàn márùn-ún ti ń kírun, omi àlùwàlá ọjọ́ kan, bí a bá fi abọ́ gbè é, tó láti bomi rin ike mẹ́fà. Kò sí ọṣẹ nínú rẹ̀, kò sì ní pa igi lára. Ìdí igi ni kí á dà á sí, kí á má dà á sórí ewé àti èso, nítorí omi tí a fi yọnu tí a sì fi fọn imú wà níbẹ̀. Kí ó máa dé ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí ó fi gbẹ, tí a wá dà á kún lẹ́ẹ̀kan, ìdí èso yóò dúdú yóò sì jẹrà. Ọ̀pọ̀ á ní ayé ló ń ṣe é, omi tí kò déédéé ni.

Ní ti àkókò, ooru òru tó pọ̀ jù máa ń mú kí òdòdó tòmátì já bọ́ láìso. Àsìkò ọyẹ́, tí òru tutù, ló dára jù fún un. Ẹ wo àánú Ọlọ́hun: Ramadan ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ọdọọdún ló sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣí síwájú. Ẹni tó bá gbin irúgbìn nígbà tí oṣù Jumada kejì bá lé, oṣù mẹ́ta ṣáájú àáwẹ̀, òdòdó rẹ̀ á bọ́ sí ìgbà ọyẹ́ ní àwọn ọdún tí a wà yìí, èso rẹ̀ á sì máa pọ́n nígbà sààrì àti ìṣínu, tí tòmátì máa ń gbówó lórí.

KÍ ỌGBÀ MÁ DI ÌBÙBA ẸFỌN

Ìmọ́tótó ni orúkọ ojú ìwé yìí, nítorí náà mo ní láti kìlọ̀. Kí á má ṣe fi àwo gbe omi sábẹ́ ike kí omi wá dúró síbẹ̀. Ẹ̀fọn á yé sí i, ibà á sì bá wa wọlé. Kí ike jìnnà sí ṣaláńgá àti gọ́tà, kí á má sì bu omi gọ́tà sí i láéláé. Kí á gbé e sórí búlọ́ọ̀kù tàbí pẹpẹ kí ewúrẹ́ àdúgbò má baà jẹ ẹ́, kí adìyẹ má sì yàgbẹ́ sí i.

Bí kòkòrò bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọ́n òtápíápíá tàbí Sniper sí i. Oúnjẹ ọmọ yín ni. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa irú oògùn yẹn nínú ìgò kékeré nítorí ewu tó wà nínú rẹ̀. Ewé dóńgóyárò ni kí á gún, kí á rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, kí á sẹ́ ẹ, kí á fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí á wọ́n ọn sí ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ewé tí kòkòrò ti gbẹ́ ọ̀nà sínú rẹ̀, kí á já a, kí á sun ún. Kí á fọ èso kí á tó jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé wa ló ti wá.

KÍ NI IKE MẸ́FÀ LÈ ṢE?

Ẹlòmíràn á ní, ike mẹ́fà kò lè bọ́ ilé. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé ẹ má lọ sọ́jà mọ́. Igi Roma kan tí a tọ́jú dáadáa nínú ike ńlá lè fún wa ní kìlò kan sí méjì. Ike mẹ́fà á jẹ́ kìlò mẹ́fà sí méjìlá. Bí a bá gbin méjì lónìí, méjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, méjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, kò ní pọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo ń wá kò pọ̀: ní ọ̀sẹ̀ tí owó kò sí, tí ìyá ilé ì bá ra èṣà, kí ó lè na ọwọ́ sí iwájú ilé, kí ó já mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tó pọ́n dáadáa. Fítámì C wà nínú rẹ̀. Ohun tó mú un pọ́n rẹ́súrẹ́sú náà ń ṣe ara lóore, ara sì ń tètè gbà á bí a bá sè é pẹ̀lú epo díẹ̀, bí a ṣe ń sè é tẹ́lẹ̀.

Mo wá bẹ ẹgbẹ́ wa lórí nǹkan mẹ́ta. Kí àwọn ìyá Àsálátù máa gbin irúgbìn pọ̀ sójú kan, kí wọ́n máa pín ọmọ tòmátì fún ara wọn. Kí ilé kéwú kọ̀ọ̀kan ní ike mẹ́wàá tí àwọn ọmọ ń tọ́jú, kí omi àlùwàlá mọ́ṣáláṣí máa lọ sídìí rẹ̀ dípò gọ́tà. Ẹ̀kẹta, bí a bá tún fẹ́ fi ike ta ènìyàn lọ́rẹ níbi ayẹyẹ, kí igi tòmátì kúkúrú kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀. Òfìfo ike ti pọ̀ nílé wa.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti jẹ́ kí á mọ̀, nínú àdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, pé ohun tí Mùsùlùmí bá gbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko jẹ nínú rẹ̀, sàráà ni fún un. Kò ní kí ilẹ̀ ẹni tóbi tó kan kí á tó rí láádá yẹn gbà. Ọmọ aládùúgbò tó bá já ọ̀kan jẹ nínú ike yín, ẹ má lé e.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó fi ìlera jíǹkí àwọn ọmọ wa, kí ó sì fi ohun tó jẹ́ hàlálì tó sì dára bọ́ wa. Àmín.